Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Aago Tí Kernel Ń Kà, Kí Ẹ sì Yan Èyí Tó Yẹ

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọn bí iṣẹ́ kan ṣe yá tó lórí kọ̀ǹpútà ti fọkàn tán aago kan tí kì í ṣe òun ló yàn án. Kernel, ìyẹn apá tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń yan aago náà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, ó sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí lórí server kan tí mò ń bójú tó, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ àkókò sára gbogbo ìsọfúnni tó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, tó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ ka aago ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kóòdù rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú kóòdù náà wò kí n tó ka àkọsílẹ̀ kernel, ibẹ̀ ni mo sì ti bá ìlà méjì yìí:

tsc: Marking TSC unstable due to clocksource watchdog
clocksource: Switched to clocksource hpet

Kernel ti pa TSC tì, ìyẹn òǹkà tó wà nínú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ó sì ti ń ka HPET, ìyẹn òǹkà mìíràn tó wà lẹ́yìn òde CPU. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí kí ẹlòmíràn má bàa fi ọjọ́ méjì ṣòfò bẹ́ẹ̀. Orí Linux ni ọ̀pọ̀ jù lọ àṣẹ inú rẹ̀ dá lé, nítorí pé níbẹ̀ ni kernel ti ń sọ ohun tó ń ṣe jáde ketekete, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan Windows àti FreeBSD pẹ̀lú, a ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tó yẹ kí ẹ yà sọ́tọ̀ ná

Iṣẹ́ méjì ni kernel ń fi aago ṣe, ohun èlò tó ń ṣe ọ̀kan sì lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń ṣe èkejì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti dáhùn pé aago mélòó ló lù. Òǹkà kan wà tó ń kà lọ síwájú láìdúró; kernel á wo iye tó wà lójú rẹ̀, á sì sọ iye náà di àkókò. Clocksource ni wọ́n ń pe irú òǹkà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni jíjí. Ètò kan á ní òun fẹ́ sùn fún ìwọ̀n àkókò kan, kernel á sì sọ fún ohun èlò kan pé kó pe CPU nígbà tí àkókò náà bá pé. Clock event ni wọ́n ń pe èyí. Òǹkà yín lè dára débi pé kò ní àbùkù kankan, kí ètò yín sì tún máa pẹ́ jí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mọ èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ló ń yọ yín lẹ́nu.

Ẹ tún ya aago tó kúnná sọ́tọ̀ kúrò lára aago tó péye. Aago tó kúnná ni èyí tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an, tó fi lè mọ èyí tó ṣáájú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Aago tó péye ni èyí tí ohun tó ń sọ bá àkókò tòótọ́ mu. Ọ̀kan kò fi dandan bí èkejì. Inú kírísítálì quartz ni gbogbo òǹkà yìí ti ń gba ìlù wọn, ìlù kírísítálì kan kò sì bá ti èkejì dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ooru ń yí i padà, ogbó sì ń yí i padà. Bí kírísítálì kan bá fi ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan yàtọ̀ sí bó ṣe yẹ kó rí, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1.7 ni yóò fi ṣìnà lójúmọ́, kódà bí òǹkà tó gbára lé e bá ń ka nanosecond, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ bi kernel léèrè

Àṣẹ méjì yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀:

cat /sys/devices/system/clocksource/clocksource0/current_clocksource
cat /sys/devices/system/clocksource/clocksource0/available_clocksource

Àkọ́kọ́ ń sọ òǹkà tí kernel ń kà báyìí, èkejì ń sọ àwọn tó wà nílẹ̀ tó lè yàn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel àti AMD tí ara wọn le, tsc ni àkọ́kọ́ máa dáhùn, èkejì á sì to tsc, hpet àti acpi_pm tẹ̀ léra.

Ó dára kí ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà nínú wọn ti wá, torí yóò jẹ́ kí ẹ dá àwọn nọ́ńbà kan mọ̀ nígbà tí ẹ bá bá wọn pàdé. Kírísítálì tí wọ́n fi sínú IBM PC ti ọdún 1981 ń lu ní 14.31818 MHz, ìyẹn ìgbà mílíọ̀nù 14 àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí pé ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni ìlù tí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ń lò fún àwọ̀. Ìdá méjìlá rẹ̀ ni PIT, òǹkà àtijọ́ inú PC, ń lò, ó ń ka 1,193,182 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni ACPI PM timer, ìyẹn acpi_pm tí ẹ rí lókè, ń lò, òun ń ka 3,579,545. HPET gba odidi rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìlù tí wọ́n yàn nítorí àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n ṣì ń bẹ nínú àkọsílẹ̀ kernel, mi ò sì lè rí nọ́ńbà 3,579,545 kí n má dúró wò ó. ACPI PM timer tún ní ààlà tirẹ̀: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bit 24 péré, ìyẹn àyè 24 fún òdo tàbí ení, ni òǹkà rẹ̀ ní, nítorí náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4.7 á ti kún, á sì padà sí òdo. Kernel gbọ́dọ̀ máa kà á kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àkókò á sọnù.

TSC yàtọ̀ sí wọn. Láti ìgbà Pentium ní 1993 ló ti wà nínú CPU fúnra rẹ̀, kíkà á kò sì ju kí CPU wo inú ara rẹ̀ lọ. Ohun tó bà á jẹ́ láyé ọjọ́un ni pé bí CPU bá dín eré kù láti fi iná pamọ́, TSC á dín eré kù pẹ̀lú, bí CPU bá sùn jinlẹ̀, òun náà á dúró. Àwọn CPU òde òní ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ẹ sì lè wò ó bóyá tiyín náà ti bọ́:

grep -o -w -E 'constant_tsc|nonstop_tsc|arat' /proc/cpuinfo | sort | uniq -c

Bí CPU mẹ́jọ bá wà lójú kernel, ó yẹ kí ẹ rí 8 níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Constant_tsc túmọ̀ sí pé eré òǹkà náà kì í yí padà, nonstop_tsc túmọ̀ sí pé kì í dúró bí CPU bá sùn. Ti jíjí ni arat ní tirẹ̀: ó ń sọ pé ohun èlò tó ń jí CPU kọ̀ọ̀kan, tó wà nínú APIC rẹ̀, kì í sùn pẹ̀lú CPU náà. Níbi tí kò bá sí, kernel gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ jíjí fún ohun èlò mìíràn, bíi HPET, nígbàkígbà tí CPU bá sùn jinlẹ̀.

Lórí ARM, irú CPU mìíràn tí kì í ṣe ti Intel tàbí AMD, arch_sys_counter ni orúkọ tí ẹ máa rí, kò sì sábà sí nǹkan mìíràn láti yàn. Raspberry Pi 4 ń ka tirẹ̀ ní 54 MHz, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgbésẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nanosecond 19. Síbẹ̀, bí ẹ bá pe clock_getres, ìpè tó ń béèrè ìwọ̀n ìgbésẹ̀ aago, lórí rẹ̀, 1 nanosecond ló máa dáhùn. Ẹ má ṣe fi ìdáhùn yẹn ṣe ẹ̀rí bí òǹkà ṣe kúnná tó. Ohun tó ń sọ ni ìwọ̀n tí kernel fi ń ṣe ìṣirò, kì í ṣe ìwọ̀n ìgbésẹ̀ ohun èlò náà.

Bó bá jẹ́ inú virtual machine lẹ wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ètò dá sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ó máa rí kvm-clock tàbí irú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ bá ní ìdí tó dájú. Kernel tó gbà yín lálejò ló ń bá a ṣe ìṣirò, òun ló sì mọ̀ bí wọ́n bá gbé virtual machine náà láti orí ẹ̀rọ kan lọ sórí òmíràn.

Láti orí òǹkà di àkókò

Iye tó wà lójú òǹkà kì í ṣe àkókò. Kernel á fi nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ mult sọ ọ́ di púpọ̀, á sì sún àbájáde rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún ní iye bit tó ń jẹ́ shift, nítorí pé pípín gan-an máa ń pẹ́. Ibi ìṣirò yìí ni àṣìṣe kékeré ti lè di ńlá, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1991, ẹ̀rọ Patriot tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé sí Dhahran ní Saudi Arabia kùnà láti dá àdó olóró kan dúró, ọmọ ogun 28 sì kú. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni òǹkà inú rẹ̀ ń kà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá kò sì ní òpin bí a bá fi òdo àti ení nìkan kọ ọ́, nítorí náà wọ́n gé e kúrú kó lè wọnú bit 24. Àṣìṣe tó wà nínú ìlù kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí 100 tí ẹ̀rọ náà ti wà ní títàn, ó ti di nǹkan bí ìdá 0.34 ìṣẹ́jú-àáyá. Kernel Linux ń sá fún irú èyí nípa pípa ìyókù ìṣirò kọ̀ọ̀kan mọ́ kó lè fi kún èyí tó kàn. Bí ẹ bá ń kọ ìṣirò aago fúnra yín, bóyá fún ohun èlò kékeré kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ju ìyókù nù.

Ẹ wọn iye tí kíka aago ń náni

Àṣẹ yìí rọrùn, ó sì tó láti fi ìyàtọ̀ hàn:

python3 -m timeit -s 'import time' 'time.monotonic_ns()'

Lórí ẹ̀rọ tó ń lo tsc, èmi sábà máa ń rí nanosecond 30 sí 60 fún ìpè kọ̀ọ̀kan, tí iṣẹ́ Python fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Lórí hpet, ó máa ń ju microsecond kan lọ, ìyẹn ju nanosecond 1,000. Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, CPU gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ara rẹ̀ lọ bá HPET, kó sì dúró de èsì. Èkejì, nígbà tí tsc bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kernel ti kó ohun tí ètò nílò sí ojú ìwé kan nínú memory tó ń jẹ́ vDSO, ètò á sì ka àkókò níbẹ̀ láìwọ inú kernel rárá; hpet kò ní àǹfààní yẹn. Ẹ lè fi strace, ètò tó ń fi ìpè tó wọ inú kernel hàn, rí i fúnra yín:

strace -e trace=clock_gettime python3 -c 'import time; [time.monotonic_ns() for i in range(5)]'

Bí tsc bá ń ṣiṣẹ́, strace kò ní rí ìpè clock_gettime kankan, nítorí kò sí èyí tó dé inú kernel. Lórí hpet, ẹ ó rí wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ká ní mo ti ṣe èyí ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ lórí server yẹn, kò bá tí gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Nígbà tí kernel bá pa TSC tì

Ìṣọ́ kan wà nínú kernel tí wọ́n ń pè ní watchdog. Lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó máa ń fi ohun tí TSC sọ wé ohun tí òǹkà mìíràn, bíi HPET, sọ. Bí àlàfo àárín wọn bá ju ohun tó gbà láyè, ó gbà pé TSC ni kò ṣeé fọkàn tán, ó sì máa yọ ọ́ kúrò. Láti ìgbà náà lọ, orúkọ tsc kò ní sí nínú àwọn tó wà nílẹ̀ láti yàn mọ́ títí ẹ ó fi tún ẹ̀rọ náà tàn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà báyìí:

sudo dmesg | grep -i -E 'clocksource|tsc'

Ìdí tó ń fa èyí kì í ṣe ọ̀kan. Firmware, ìyẹn ètò tí wọ́n kọ mọ́ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, lè ti kọ nǹkan sórí TSC nígbà tí ẹ̀rọ ń jí látinú oorun. CPU tó wà ní ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀rọ ńlá lè má bẹ̀rẹ̀ ìkà wọn nígbà kan náà. Ó sì tún lè jẹ́ pé watchdog fúnra rẹ̀ ló ṣì í mú: bí nǹkan bá dá CPU dúró láàárín ìgbà tó ka òǹkà àkọ́kọ́ àti ìgbà tó ka èkejì, bó ṣe máa ń rí nínú virtual machine tí iṣẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀, àlàfo á hàn níbi tí kò sí àlàfo.

Ẹ kọ́kọ́ fi firmware tuntun sí i, kí ẹ tún ẹ̀rọ náà tàn, kí ẹ sì ṣọ́ àkọsílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí tsc bá wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kernel yan òmíràn, ẹ lè dá a padà láìpa ẹ̀rọ:

echo tsc | sudo tee /sys/devices/system/clocksource/clocksource0/current_clocksource

Bí ẹ bá fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ fi clocksource=tsc kún ìlà àṣẹ tí kernel ń kà nígbà tó bá ń tàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé kí a kúkú fi tsc=reliable síbẹ̀, mi ò sì fara mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa ìṣọ́ náà lẹ́nu mọ́. Bí TSC àwọn CPU yín bá yàtọ̀ síra lóòótọ́, ètò tó ka aago lórí CPU kan, tí kernel wá gbé lọ sórí òmíràn, lè bá àkókò tó ti rẹ̀yìn ju èyí tó kọ́kọ́ kà lọ. Ìwọ̀n tó ń di òdì nínú kóòdù tó dá a lójú pé àkókò kì í padà sẹ́yìn máa ń dá wàhálà tó ṣòro wá rí sílẹ̀. Kìkì ẹni tó bá ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé watchdog ló ṣì í mú ló yẹ kó lò ó.

Jíjí lásìkò

Ẹ dán èyí wò:

python3 -c 'import time; t=time.monotonic_ns(); time.sleep(0.001); print(time.monotonic_ns()-t)'

Nanosecond 1,000,000 la ní kó sùn, ṣùgbọ́n ohun tó máa tẹ̀ jáde sábà máa ń ju 1,050,000 lọ. Kì í ṣe pé aago kò kúnná. Kernel gba ara rẹ̀ láyè láti pẹ́ díẹ̀ kó lè jí ètò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí CPU lè sinmi. Timer slack ni wọ́n ń pe àyè yẹn, ẹ sì lè rí i nínú /proc/self/timerslack_ns, níbi tí 50000 sábà máa ń wà, ìyẹn microsecond 50. Ètò lè fi prctl pẹ̀lú PR_SET_TIMERSLACK dín tirẹ̀ kù, àwọn ètò tó bá sì wà lábẹ́ SCHED_FIFO, ìyẹn àwọn tí kernel ń fi ṣáájú àwọn ètò yòókù, kò ní slack rárá.

Bó bá jẹ́ pé odidi ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tàbí mẹ́wàá ló ń fi pẹ́, ó ṣeé ṣe kí hrtimer, ìyẹn apá kernel tó ń jí ètò ní àkókò tó kúnná, má ṣiṣẹ́. Ọdún 2006 ni hrtimer wọnú kernel 2.6.16, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú 2.6.21, ló bẹ̀rẹ̀ sí í jí ètò láìdúró de ìlù kernel, ìyẹn ìpè tó máa ń dé ọ̀dọ̀ kernel léraléra ní àlàfo kan náà. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí bí ètò ṣe lè jí láàárín ìlù méjì, iye ìlù náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n sì ń pè ní HZ. Ẹ wo tiyín pẹ̀lú grep 'CONFIG_HZ=' /boot/config-$(uname -r); 250 tàbí 1000 ló wọ́pọ̀. Ẹ wá fi sudo ka /proc/timer_list, kí ẹ wá hres_active. Bí 1 bá wà níwájú rẹ̀, hrtimer ń ṣiṣẹ́, HZ kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bí sleep yín ṣe kúnná tó mọ́. Ohun tó ṣì so mọ́ ọn ni àwọn ìdúró inú kernel fúnra rẹ̀ àti àwọn aago COARSE, tí kì í yí padà àfi nígbà tí ìlù bá lù. Iye ìlù tó ti lù ni wọ́n ń pè ní jiffies. Lórí ẹ̀rọ bit 32 tí HZ rẹ̀ jẹ́ 1000, ó máa ń kún láàárín ọjọ́ 49.7. Kí àṣìṣe tó bá so mọ́ kíkún yìí má bàa fara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méje, àwọn tó ń kọ Linux mọ̀ọ́mọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà náà níbi tó ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó kún. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi gan-an, mo sì ti lò ó nínú òǹkà tèmi.

Lórí Windows, ìlù 64 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ló wà láti ilẹ̀, nítorí náà Sleep(1) lè gba tó ìdá ẹgbẹ̀rún 15 ìṣẹ́jú-àáyá àyàfi tí ètò bá pe timeBeginPeriod(1). QueryPerformanceCounter ni kí ẹ máa fi wọn àkókò níbẹ̀. Lórí FreeBSD, sysctl kern.timecounter.choice ló ń fi àwọn òǹkà hàn pẹ̀lú iye tí kernel fi díwọ̀n wọn, kern.timecounter.hardware ló ń yàn, kern.eventtimer.timer ló sì wà fún jíjí.

Aago tí kóòdù yín ń pè

Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lè já sí asán bí kóòdù bá pe aago tí kò yẹ. CLOCK_REALTIME ni aago ojú ọjọ́: ẹnikẹ́ni tó bá ní àṣẹ lè yí i síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ lò ó láti kọ ọjọ́ àti wákàtí, ẹ má lò ó láti wọn iye àkókò tó kọjá láé. CLOCK_MONOTONIC kì í padà sẹ́yìn, òun ló sì yẹ fún ìwọ̀n. Chrony tàbí NTP, ìyẹn àwọn ètò tó ń fi aago ẹ̀rọ wé aago orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣì lè mú kó yára tàbí kó falẹ̀ díẹ̀ kó lè péye. Bí ẹ bá fẹ́ ìlù ohun èlò náà láìsí àtúnṣe yìí, CLOCK_MONOTONIC_RAW wà. Bí àkókò tí ẹ̀rọ fi sùn bá gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò, CLOCK_BOOTTIME ni kí ẹ pè.

Ìparí oṣù kẹfà ọdún 2012 fi hàn bí ìyàtọ̀ yìí ṣe ṣe pàtàkì tó. Wọ́n fi ìṣẹ́jú-àáyá kan kún àkókò àgbáyé. Linux fi kún CLOCK_REALTIME, ṣùgbọ́n kò sọ fún hrtimer. Ètò tó bá ní kí wọ́n jí òun láìpẹ́, tó sì fi CLOCK_REALTIME ṣe ìwọ̀n, á jí lójú ẹsẹ̀, á tún bẹ̀bẹ̀ oorun, á tún jí lójú ẹsẹ̀. CPU ọ̀pọ̀ server kún dẹ́nu lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó tú wọn sílẹ̀ ni kí wọ́n tún fi àṣẹ date gbé aago kalẹ̀ sórí iye tó wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìyẹn ló mú kí kernel sọ fún hrtimer pé aago ti yí padà.

Ní ti ìpéye, ẹ jẹ́ kí chronyd, ìyẹn Chrony fúnra rẹ̀, máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa wo chronyc tracking; ìlà Frequency rẹ̀ ń sọ iye ìdá nínú mílíọ̀nù tí kírísítálì yín fi ń yára tàbí fi ń falẹ̀. Bí iye yẹn bá ń fò sókè-sódò láti wákàtí dé wákàtí lórí ẹ̀rọ tí kò kúrò lójú kan, ẹ padà sí àkọsílẹ̀ kernel kí ẹ wò ó bóyá ó ti pààrọ̀ òǹkà. Ní ti ìwọ̀n, ẹ máa kọ ohun tó wà nínú current_clocksource sílẹ̀ nígbà tí ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí, kí ó wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú èsì. Bí orúkọ méjèèjì kò bá jọra, ẹ da èsì náà nù, kí ẹ tún un wọ̀n.